Obìnrin Onífáyólìn tí Ó Bi Orin Orílẹ̀-Èdè Rẹ̀ Léèrè

Ọdún 2014 ni ó pé 200 ọdún gééré tí agbẹjọ́rò kan tí ń jẹ́ Francis Scott Key kọ ọ̀rọ̀ orin tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń kọ nígbà tí wọ́n bá ń ta àsíá wọn sókè. Nígbà tí ìrántí náà ń súnmọ́lé, Ẹgbẹ́ Sphinx, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní ìlú Detroit, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ láti ti àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú àti àwọn ọmọ ìran Látìnì lẹ́yìn nínú orin olókùn, darapọ̀ mọ́ àjọ kan tí a ń pè ní Joyce Foundation, wọ́n sì bẹ obìnrin kan lọ́wẹ̀ pé kí ó kọ orin tuntun ní ìrántí orin àtijọ́ náà. Ẹni ọdún 32 ni obìnrin náà nígbà náà. Jessie Montgomery ni orúkọ rẹ̀. Aláwọ̀ dúdú ni, fáyólìn ni ó sì kọ́kọ́ ń ta kí ayé tó mọ̀ ọ́n ní aṣẹ̀dá orin.

Bí a bá bẹ ènìyàn pé kí ó wá ki ọba ní ọjọ́ ọdún, tí ẹni náà sì mọ̀ dájú pé ní ayé àtijọ́ ààfin kan náà ni wọ́n ti ta bàbá ńlá òun lẹ́rú, báwo ni yóò ti ki ọba? Bí ó bá kọ̀, wọn yóò ní ọ̀tẹ̀ ni ó ń dì. Bí ó bá kì í tán láìmẹ́nu ba ohun tí ó mọ̀, kò ní lè wo ojú àwọn ará ilé rẹ̀. Ohun tí a gbé síwájú Arábìnrin Montgomery nìyẹn. Kò kọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sì pọ́n ẹnikẹ́ni lé lásán. Ó kọ orin kan tí kò tó ìṣẹ́jú 10, ó pè é ní Banner, èyíinì ni Àsíá, ó sì fi okùn fáyólìn bi orin orílẹ̀-èdè rẹ̀ léèrè ohun tí ó ní lọ́kàn nígbà tí ó bá ń pe orúkọ òmìnira.

N óò padà sí orí orin yìí. Ṣùgbọ́n kò ṣeé ṣe kí á mọ adùn rẹ̀ láìmọ ọwọ́ tí ó sè é, nítorí náà ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ lọ sí ilé tí a ti bí i.

Ilé ni à ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé tí a bí Jessie Montgomery sí ní ọdún 1981 wà ní Lower East Side, ní apá ìsàlẹ̀ Manhattan ní ìlú New York. Àdúgbò tí àwọn àjèjì láti oríṣìíríṣìí ilẹ̀ ti ń wọ̀ sí láti ìgbà pípẹ́ ni. Ní àwọn ọdún 1980, àwọn òṣèré, àwọn akéwì, àwọn ayàwòrán àti àwọn olórin pọ̀ níbẹ̀ bí eéṣú. Olórin ni bàbá rẹ̀, Ed Montgomery. Òṣèré orí ìtàgé àti apìtàn ni ìyá rẹ̀, Robbie McCauley, òkìkí rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré. Ní ọdún 1992, ìyá yìí gba ẹ̀bùn Obie lórí eré kan tí ó kọ, tí òun fúnra rẹ̀ sì ṣe lórí ìtàgé, nípa ìyá ńlá rẹ̀ kan tí ó jẹ́ ẹrú, tí àwọn olówó rẹ̀ sì fi ipá bá lò. Irú ìtàn tí ọ̀pọ̀ ìdílé ń gbé pamọ́ sí ìsàlẹ̀ àpótí ni ìyá Jessie gbé síta gbangba fún ayé wò.

Àwọn òbí méjèèjì a máa mú ọmọ wọn lọ sí ibi àpèjọ ìlú, sí ibi ìwọ́de àwọn tí ń jà fún ẹ̀tọ́, àti sí ibi àríyá tí àwọn aládùúgbò ti ń ṣeré títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Ohun tí ọmọ náà ń gbọ́ láti ojú fèrèsé ni jáàsì, orin àwọn ará erékùṣù Karibíà, orin Látìnì, rọ́ọ̀kì àti ewì tí a ń kígbe kà. Nítòsí ilé wọn ni Third Street Music School Settlement wà, ilé-ẹ̀kọ́ orin tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1894 kí ọmọ àwọn tí kò lówó lọ́wọ́ lè rí orin kọ́. Ibẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀ fáyólìn ní kékeré. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fi etí sí èyí: láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti fi àyè sílẹ̀ fún un láti máa fi fáyólìn dá orin tirẹ̀ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, yàtọ̀ sí èyí tí ó wà nínú ìwé. Lójú tèmi, níbi tí a ti ń kọ́ ọmọ ní orin kíkà nìkan láìjẹ́ kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohunkóhun, akọ̀wé ni a ń tọ́, kì í ṣe olórin.

Láti ibẹ̀ ó wọ Juilliard, ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti orin tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri ayé, ó sì gba oyè lórí fáyólìn. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ó lọ sí Yunifásítì New York, ó gba oyè kejì lórí orin kíkọ fún sinimá. Ó tún tẹ̀síwájú ní Yunifásítì Princeton. Ìwé yìí dára, ṣùgbọ́n ibòmíràn ni mo gbà pé ó ti di aṣẹ̀dá orin.

Ìlú kan wà ní ìpínlẹ̀ Rhode Island tí a ń pè ní Providence. Ní ọdún 1997 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ níbẹ̀ tí ń jẹ́ Community MusicWorks. Àwọn ọ̀jáfáfá eléré olókùn ni wọ́n kó ara wọn jọ sí àárín àdúgbò àwọn tálákà, tí wọ́n ń kọ́ ọmọ wọn ní fáyólìn àti ṣẹ́lò láìgba kọ́bọ̀, tí àwọn fúnra wọn sì tún ń ṣeré fún gbogbo ènìyàn. Arábìnrin Montgomery bá wọn ṣiṣẹ́, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ eléré mẹ́rin wọn, Providence String Quartet. Olùkọ́ ni, eléré ni. Bí ọwọ́ rẹ̀ ti ń dilẹ̀ lára ọmọdé, bẹ́ẹ̀ ni yóò gbé fáyólìn tirẹ̀. Àwọn tí ó ń bá ṣeré níbẹ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin fún. Kì í ṣe ẹni tí ó jókòó sí yàrá, tí ó kọ orin ránṣẹ́ sí àwọn tí kò mọ̀ rí. Ẹni tí ó jókòó ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ó ń kọ ọ́ fún, ó mọ bí ọwọ́ onítọ̀hún ti rí, ó sì mọ ohun tí yóò mú un rẹ́rìn-ín.

Ibẹ̀ ni orin tí ó kọ́kọ́ gbé orúkọ rẹ̀ jáde ti wá. Ní ọdún 2006 ni ó kọ Strum fún àwọn eléré márùn-ún, ṣẹ́lò méjì nínú wọn. Ní 2008 ó tún un ṣe fún eléré mẹ́rin. Ní 2012, nígbà ìdíje Ẹgbẹ́ Sphinx kẹẹ̀ẹ́dógún, ó tún ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin rẹ̀ kọ fún Catalyst Quartet, ẹgbẹ́ tí òun náà wà nínú rẹ̀ nígbà kan, ó sì wá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́fà lórí orin kan ṣoṣo! Àwọn ọ̀dọ́ tí ń bá mi jiyàn pé ẹ̀bùn ni gbogbo rẹ̀, kí wọ́n gbọ́.

Ohun tí ọ̀rọ̀ náà strum túmọ̀ sí ni kí á fi ìka gbá okùn gìtá lọ gbooro. Fáyólìn, gẹ́gẹ́ bí gbogbo yín ti mọ̀, ọrun onírun ẹṣin ni a fi ń ta á. Ṣùgbọ́n nínú Strum, àwọn eléré a gbé ọrun tì, wọn a fi ìka gbá okùn bí ẹni pé gìtá ni wọ́n gbé dání, láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ìró yìí sì ti ń ti orin náà lọ síwájú. Nígbà tí àbúrò mi kan kọ́kọ́ jẹ́ kí n gbọ́ ọ, tí kò sọ ohun tí ó jẹ́ fún mi, agídìgbo ni ọkàn mi lọ sí. Èmi kò sọ pé agídìgbo ni obìnrin náà ní lọ́kàn o. Orin ìbílẹ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti ijó ibẹ̀ ni ó fi ṣe ìpìlẹ̀. Etí tèmi ni ó gbé mi lọ sí ọ̀nà ilé.

Bí orin rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro fún ọmọ Yorùbá láti mọ̀. Bí àwọn onídùndún bá pé jọ, gúdúgúdú kì í kúrò lójú kan. Kẹríkẹrì àti ìṣáájú náà a máa sọ ohun kan náà ní àsọtúnsọ, olúkúlùkù pẹ̀lú tirẹ̀, títí ohùn wọn yóò fi hun pọ̀ bí ẹní tí a tẹ́ sílẹ̀. Lórí ẹní yìí ni ìyáàlù ti ń fẹsẹ̀ rìn, tí ó ń kini, tí ó ń pòwe, tí ó lè dákẹ́ nígbà tí ó bá wù ú nítorí ó mọ̀ pé ilẹ̀ kò ní yẹ̀ lábẹ́ òun. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni Strum. Eléré méjì tàbí mẹ́ta yóò tẹ́ ẹní sílẹ̀, ohùn orin gígùn kan yóò gba orí rẹ̀ kọjá; kí á tó mọ̀, ẹni tí ó ń kọ ohùn náà ti padà di ẹni tí ń tẹ́ ẹní, ẹlòmíràn ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tí ń rántí ohun tí ó ti kọjá lọ, ó parí pẹ̀lú ijó. Ní ọdún 2012 kan náà ó kọ Starburst fún Ẹgbẹ́ Sphinx, orin ìṣẹ́jú mẹ́ta àti díẹ̀, tí ó ń tàn tí ó sì ń túká bí ìgbà tí ọ̀pọ̀ ìràwọ̀ bá yọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní sánmà. Ní 2015 ni wọ́n kó irú àwọn orin wọ̀nyí jọ sínú àwo kan tí wọ́n pè ní Strum: Music for Strings.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí á padà sí Banner.

Kí á tó lè gbọ́ ohun tí ó ń sọ, ó yẹ kí á mọ ìtàn orin méjì. Àkọ́kọ́ ni orin àsíá tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan. Ní oṣù September 1814, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ń fi ìbọn ńlá fọ́ odi McHenry ní ìlú Baltimore. Key wà lórí ọkọ̀ ojú omi, ó ń wo ogun náà láti òkèèrè ní gbogbo òru; nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí ó rí i pé àsíá wọn kò tíì wó, ọ̀rọ̀ orin sọ lọ́kàn rẹ̀. Ohùn tí wọ́n fi kọ ọ́, ohùn àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń bá jà náà ni. Ẹgbẹ́ àwọn ọ̀tọ̀kùlú kan ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó ni ín tẹ́lẹ̀. Ó di ọdún 1931 kí ìjọba Amẹ́ríkà tó fi òfin sọ ọ́ di orin orílẹ̀-èdè. Ẹni tí ó sì fi orin náà yin ilẹ̀ àwọn òmìnira, olówó ẹrú ni. Nínú ẹsẹ kẹta, tí wọn kì í sábà kọ ní gbangba mọ́, ó dárúkọ ẹrú, kì í sì í ṣe pẹ̀lú àánú.

Orin kejì, olùkọ́ ni ó kọ ọ́. Ní ọdún 1900, James Weldon Johnson ni ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ Stanton, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú ní ìlú Jacksonville ní ìpínlẹ̀ Florida. Wọ́n fẹ́ ṣe ìrántí ọjọ́ ìbí Ààrẹ Lincoln. Johnson kọ ọ̀rọ̀ orin kan, àbúrò rẹ̀, Rosamond, fi ohùn sí i, 500 ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ sì kọ ọ́. Àwọn arákùnrin méjèèjì kó lọ sí New York, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọdé kò gbàgbé. Bí wọ́n ti ń dàgbà tí àwọn náà ń di olùkọ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fi í kọ́ àwọn ọmọ mìíràn, títí Lift Every Voice and Sing fi di ohun tí gbogbo aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà ń pè ní orin orílẹ̀-èdè tiwọn. Kò sí òfin tí ó sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀. Yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ni ó ti rìn.

Lẹ́yìn ìgbà tí a dìbò yan Barack Obama ní ọdún 2008, àwọn ará Providence ti bẹ Arábìnrin Montgomery pé kí ó kọ orin kan sàmì sí ọjọ́ ńlá náà. Nígbà tí ó gbé orin méjèèjì yìí sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ó ṣàkíyèsí ohun kan tí ó yani lẹ́nu: bí ìlà ti ń tẹ̀ lé ìlà nínú ọ̀kan náà ni ó ṣe ń tẹ̀ lé e nínú èkejì. Orin tí olówó ẹrú kọ àti orin tí ọmọ aláwọ̀ dúdú kọ wọ inú ara wọn bí ìka ọwọ́ ọ̀tún àti ti òsì. Ó hun wọ́n pọ̀, ó sì pe orin náà ní Anthem.

Banner bẹ̀rẹ̀ níbi tí Anthem dúró sí. Nínú rẹ̀, eléré mẹ́rin jókòó níwájú, ẹgbẹ́ ńlá ti àwọn eléré olókùn sì wà lẹ́yìn wọn. Àwọn mẹ́rin yìí dà bí ẹni kan láàárín ìlú: nígbà mìíràn wọn a bá ìlú sọ ọ̀rọ̀ kan náà, nígbà mìíràn wọn a takò ó. Ìwọ yóò gbọ́ díẹ̀ nínú orin àsíá, bí aṣọ tí ó ya, tí afẹ́fẹ́ gbé kọjá. Kí o tó di í mú, ó ti di nǹkan mìíràn. Bí ẹgbẹ́ fèrè ológun ti ń yan lójú pópó, tí wọ́n ń ti ọ̀kan bọ́ sí òmíràn, ni a ṣe tò ó. Nígbà tí ó bá kù díẹ̀ kí ó parí, ìlù àwọn tí ń yan ni àwọn olókùn ń fi okùn wọn lù, orin àwọn ènìyàn mìíràn tí ó tẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà dó sì ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, orin orílẹ̀-èdè àti orin ẹsẹ̀ ọ̀nà, gbogbo wọn ń sọ tiwọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ariwo ni, ṣùgbọ́n ariwo ọjà ni, kì í ṣe ti ìjà. Arábìnrin Montgomery fúnra rẹ̀ ti ṣàlàyé pé lójú òun, àwọn ará Amẹ́ríkà kò yé wá ọ̀nà tí wọn yóò fi kéde pé àwọn ti dé èbúté òmìnira, bí ẹni pé bí a bá ti fi ẹnu sọ ọ́, ó ti rí bẹ́ẹ̀ nìyẹn.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Èyí ni mo rí nínú Banner, òun ni ó sì jẹ́ kí n kà á sí iṣẹ́ ńlá. Kò dáná sun àsíá, kò sì fi í nu ojú lásán. Ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó fi gbogbo ojú aṣọ náà hàn, àti ibi tí a fi òwú ẹlẹ́wà rán àti ibi tí ó ti lu.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Orin tí a fi gba òmìnira ní ọdún 1960, obìnrin Gẹ̀ẹ́sì kan ni ó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì mìíràn ni ó fi ohùn sí i. Ní 1978 a fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, èyí tí ọmọ ilẹ̀ wa, Benedict Odiase ti ẹgbẹ́ eléré ọlọ́pàá, fi ohùn sí. Ní oṣù May 2024 ìjọba tún pe ti àkọ́kọ́ padà. Àwọn ọ̀rẹ́ mi tí wọ́n jẹ́ olùkọ́ ṣì ń sọ fún mi bí ẹnu àwọn ọmọ ti ń lọ sí ọ̀kan nígbà tí ọwọ́ olùkọ́ ń darí èkejì. A jiyàn lórí èyí tí ó yẹ kí á kọ. Mélòó nínú wa ni ó mú méjèèjì, tí ó tẹ́ wọn sílẹ̀ pọ̀, tí ó sì fi etí sí ohun tí wọ́n ń bá ara wọn sọ? Iṣẹ́ aṣẹ̀dá orin kan ni ó wà níbẹ̀ tí a kò tíì rí ẹni ṣe.

Ní ọdún 2016 ni Arábìnrin Montgomery kọ Records from a Vanishing City fún Orpheus Chamber Orchestra. Ọ̀rẹ́ ìdílé wọn kan, ẹni tí ń ṣe àríyá fún gbogbo àdúgbò, ni ó kú, wọ́n sì fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwo orin rẹ̀ ṣe ogún fún un. Àwo John Coltrane, àwo Miles Davis, àwo Thelonious Monk, àti àwo orin ìbílẹ̀ láti Áfíríkà, Éṣíà àti Gúúsù Amẹ́ríkà. Bí ó ti ń gbọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kan àwo kan láti ilẹ̀ Àǹgólà. Orin ìrẹmọ́ ni, ẹnì kan ń lé e, àwọn obìnrin ń gbè é. Ó ní ńṣe ni ó dà bí ohun tí òun ti mọ̀ rí, bẹ́ẹ̀ òun kò gbọ́ ọ rí. Ó mú orin ìrẹmọ́ náà, ó sì fi í sí apá kọ̀ọ̀kan nínú apá mẹ́ta tí iṣẹ́ náà ní. Ẹni tí ó bá mọ iye ọmọ Àǹgólà tí a fi ọkọ̀ ẹrú kó kọjá òkun kò ní béèrè ìdí tí orin náà fi dà bí ohun àmọ̀rí létí ọmọ New York.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Five Freedom Songs, èyí tí òun àti akọrin obìnrin Julia Bullock jùmọ̀ gbèrò. Inú ìwé kan tí a tẹ̀ ní ọdún 1867, tí a fi kó orin àwọn ẹrú ilẹ̀ Amẹ́ríkà jọ, ni ó ti ṣa orin márààrún. Ọ̀kan nínú wọn ń béèrè bí ìyà yóò ti pẹ́ tó kí ó tó dópin. Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní 1861, wọ́n ju àwọn aláwọ̀ dúdú sí ẹ̀wọ̀n ní ìlú Georgetown, South Carolina, nítorí pé wọ́n kọ ọ́. Ẹ rò ó wò: orin lásán! Àwọn olówó wọn mọ̀ pé kì í ṣe lásán. Orin tí ó kẹ́yìn nínú márùn-ún náà dá lórí ọjọ́ ìdájọ́, ìlù ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni ó sì tẹ́ sí abẹ́ rẹ̀, ayọ̀ tí ara kò fi bẹ́ẹ̀ balẹ̀ nínú rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ ni ó wọ̀ mí lára bákan náà. Nínú Coincident Dances, tí ó kọ fún Chicago Sinfonietta ní 2017, ó fẹ́ kí á gbọ́ ohun tí ẹni tí ń rìn kọjá ní òpópónà New York ń gbọ́: samba, orin Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, jáàsì, orin ẹ̀rọ tí àwọn ọ̀dọ́ ń jó. Mo gbádùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ọbẹ̀ náà pọ̀ ní èròjà. Kí n tó mọ adùn ọ̀kan, wọ́n ti bu òmíràn sí i.

Àwọn kan wà láàárín wa, àwọn olùfẹ́ orílẹ̀-èdè tòótọ́ sì ni wọ́n, tí wọn yóò ní ohun èlò òyìnbó ni fáyólìn, kí ni ọmọ aláwọ̀ dúdú ń fi í ṣe? Mo bọ̀wọ̀ fún ìbéèrè náà, n kò sì fara mọ́ ọn. Kí òyìnbó tó gbé fáyólìn wọ Èkó ni gòjé ti ń dún ní ilẹ̀ Háúsá àti ní Ìlọrin, òun náà pẹ̀lú ọrun onírun ẹṣin. Síwájú sí i, ọmọ ìran wa ti gbé fáyólìn dání tipẹ́. Samuel Coleridge-Taylor, tí a bí ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1875, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ dókítà ọmọ Sàró, fáyólìn ni ó bá wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti orin níbẹ̀ ní 1890 kí ó tó yí sí orin kíkọ. Nínú ìwé orin 24 tí ó tẹ̀ ní 1905, orin Yorùbá kan wà, Oloba. Ìyáàfin Victoria Randle ti Èkó ni ó fún un ní ohùn rẹ̀. Nígbà tí ó sì di 2021, Catalyst Quartet gbé àwo kan jáde tí ó jẹ́ kìkì iṣẹ́ Coleridge-Taylor, kí àwọn tí ó ti gbàgbé rẹ̀ lè rántí. Fẹlá Ṣówándé tiwa, àwọn eléré olókùn ni ó kọ African Suite fún ní 1944. Ilé-ẹ̀kọ́ wo ní ilẹ̀ yìí ni wọ́n ti ń jẹ́ kí ọmọ gbọ́ ọ?

Ní ti ọlá, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Láti 2021 títí dé 2024 ni ó fi jẹ́ aṣẹ̀dá orin tí a yàn fún Chicago Symphony Orchestra, ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ eléré tí ó lókìkí jù lọ ní Amẹ́ríkà. Ìwé Musical America fi í ṣe aṣẹ̀dá orin ti ọdún 2023. Ohun tí ó dùn mọ́ mi ju ìwọ̀nyí lọ ni bí ó ti kọ orin tí ó kọ́kọ́ gbé fún àwọn ará Chicago. Nígbà àjàkálẹ̀ àrùn, àwọn ènìyàn ń retí pé kí ó kọ orin lórí ohun tí ń ṣẹlẹ̀. Ó kọ̀, orin pàápàá kò sì wá mọ́. Ní ìgbà ìrúwé 2021, ó rin ìrìn gígùn kan, ó padà sílé, ohùn orin kan bí orin ìsìn sì sọ sí i lọ́kàn. Ní oṣù May ọdún kan náà ni ìyá rẹ̀, apìtàn ńlá náà, dágbére fún ayé. Orin náà di Hymn for Everyone, Riccardo Muti ni ó darí rẹ̀ ní Chicago ní 2022. Ohùn kan ṣoṣo ni, tí ó ń ti ọwọ́ ẹgbẹ́ kan bọ́ sí ọwọ́ èkejì, àwọn fèrè, àwọn olókùn, àwọn kàkàkí, bí ìgbà tí ará ilé ń gba òkú lọ́wọ́ ara wọn láti gbé e.

Ní ọdún 2022 yìí náà ni atapíánò Awadagin Pratt kọ́kọ́ ta Rounds, tí ó kọ fún píánò àti àwọn eléré olókùn, ní Hilton Head ní South Carolina. Orin yìí ni ó gba ẹ̀bùn Grammy fún un ní oṣù February 2024. Ibì kan wà nínú rẹ̀ tí àwọn olókùn a dákẹ́, tí atapíánò a dá nìkan wà. Arábìnrin Montgomery kò kọ gbogbo ohun tí yóò ta níbẹ̀ sílẹ̀ tán. Gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti fi àyè sílẹ̀ fún òun náà ní kékeré ní ilé-ẹ̀kọ́ àdúgbò rẹ̀, ó fi àyè sílẹ̀ nínú ìwé orin náà, kí ẹnikẹ́ni tí ó bá jókòó sí ìdí píánò lè dá tirẹ̀ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, nígbà tí àwọn tí ó kù gbé ọrun wọn sórí itan, tí wọ́n ń gbọ́ ọ.